Ta Ló Sọ fún Àwọn Ará Ìkẹ́nnẹ́ Ibi Tí Bọ́ọ̀lù Mi Ń Lọ?

Bọ́ọ̀lù kan tó yà bàrá lójú afẹ́fẹ́ ló mú mi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni. Mo lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìkẹ́nnẹ́, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ wá síbi tí mo ti máa wọkọ̀ nígbà tí mo rí àwọn ọ̀dọ́ kan ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan. Ọ̀kan mú igi dání. Èkejì dúró lórí òkìtì yẹ̀pẹ̀ kékeré kan lọ́ọ̀ọ́kán, ó ju bọ́ọ̀lù funfun kan. Bọ́ọ̀lù náà ń bọ̀ tààrà, àfi bó ṣe ku díẹ̀ kó dé tó yẹ̀ sápá kan, tó já wálẹ̀ bí ẹyẹ tí wọ́n sọ lókò. Ẹni tó mú igi fi igi náà na afẹ́fẹ́ lásán.

Olùkọ́ físíìsì ni mí ní Ṣàgámù. Mo mọ̀ pé ohun tí èèyàn bá jù kì í ṣàdédé yà. Kò sí atẹ́gùn lọ́jọ́ náà, ewé orí igi kò mì. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé wọ́n ti fi òjé sápá kan nínú bọ́ọ̀lù náà. Mo wọ inú pápá lọ, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni?" ni ajubọ́ọ̀lù náà bi mí.

"Mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Awọ ni, òwú pupa ni wọ́n fi rán an yíká, ojú rírán náà sì ga díẹ̀ ju awọ lọ. Mo mì ín sétí, kò dún. Mo ní kó tún un jù, mo lọ dúró lẹ́yìn kí n lè wò ó dáadáa. Ó tún yà. Ìgbà náà ló wá fi hàn mí bó ṣe ń fi ìka méjì lọ́ ọ kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì rí i pé ojú rírán yẹn ló ń ti afẹ́fẹ́ sápá kan. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó rántí ọkọ̀. Kí oṣù náà tó parí, mo ti ra bọ́ọ̀lù tèmi, mo sì ti mọ iye ojú rírán tó wà lára rẹ̀: igba ó lé mẹ́rìndínlógún. Mo tún un kà, torí n kò gba ẹni tó sọ fún mi gbọ́.

Béèsìbọ́ọ̀lù lorúkọ eré náà. Ṣàgámù ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, n kò kàn mọ̀ ni. Màkún ni pápá wọn wà, lẹ́yìn àwọn agboolé àtijọ́. Kóòṣì wa jẹ́ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí pápá ṣe rí, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ ohun tó ń bí mi nínú. Ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù dúró ní ìdí pápá pẹ̀lú igi tí a ń pè ní báàtì. Béèsì ni àmì tí a tẹ́ sílẹ̀ láti sá dé: ìkíní wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìkejì wà lọ́ọ̀ọ́kán níwájú, ìkẹta wà lọ́wọ́ òsì. Bó bá gbá a tán, ó gbọ́dọ̀ sáré dé béèsì kìíní kí bọ́ọ̀lù tó débẹ̀. Bó bá yí àwọn béèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká, tó padà wọlé sí ìdí pápá, ayò kan nìyẹn. Èèyàn mẹ́rin ló ń ṣọ́ ilẹ̀ àárín àwọn béèsì: méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Àlàfo tó wà láàárín wọn ni ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ń wá.

Ní tiwa, kò sí ọgbà lẹ́yìn béèsì kẹta, kò sí odi. Ẹ̀yìnkùlé Alhájà kan tó ń ṣòwò obì ló kàn. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ máa ń jókòó sí, tí wọ́n ń bó obì, tí wọ́n ń ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀, tí wọ́n ń kó èyí tó dára sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tẹ́ ewé sí. Obì tí nǹkan bá gbá kì í pẹ́ dúdú lójú ọgbẹ́, àwọn oníbàárà tó ń kó o lọ sókè Ọya kò sì ní fojú rere wò ó. Nítorí náà Alhájà ṣòfin: ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá wọ ẹ̀yìnkùlé òun yóò wá dọ̀bálẹ̀, yóò jókòó ti àwọn obìnrin náà, yóò máa bó obì títí òun yóò fi ní kó dìde. Kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn. Bí a bá ń fi ẹni tó wà níbẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, yóò pariwo láti ibi tó jókòó sí: "Dede yín lẹ ó bó o!" Dede la máa ń pe gbogbo, bí àwọn àgbà Rẹ́mọ ṣe ń pè é.

Èmi kò bó obì rí. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù mi sì máa ń gba àárín béèsì kìíní àti ìkejì kọjá, ó ń sáré nílẹ̀ bí òkété. Fídíò ni mo fi kọ́ ara mi. Mo mọ ibi tí ìgbọ̀nwọ́ yẹ kó wà, mo mọ bí gìgísẹ̀ ṣe ń yí. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Kóòṣì kéde pé eré mẹ́ta tí a ó bá ẹgbẹ́ Ìkẹ́nnẹ́ ṣe ni òun yóò fi yan àwọn tó máa lọ gbá fún Rẹ́mọ ní Abẹ́òkúta. Kò sí ohun tí mo fẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé. Èmi tí mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ báàtì, bí n kò bá lọ lọ́dún náà, àwọn ọmọ tó ń dàgbà bọ̀ lẹ́yìn mi kò ní jẹ́ kí n tún rí àyè mọ́.

Ìkẹ́nnẹ́ la ti gbá èkíní. Wọ́n ti wá bá wa ṣe ti ọ̀rẹ́-sí-ọ̀rẹ́ ní Màkún ṣáájú, mo sì gbá bọ́ọ̀lù dé béèsì léraléra lọ́jọ́ náà, nítorí náà ọkàn mi balẹ̀. Mo gbé báàtì sókè. Kápútẹ́ẹ̀nì wọn, gìrìpá kan tó máa ń ṣọ́ béèsì kẹta, súfèé. Ẹni tó wà láàárín ìkejì àti ìkẹta rìn kọjá béèsì kejì, ó bọ́ sápá ọ̀tún. Kápútẹ́ẹ̀nì fúnra rẹ̀ kúrò nídìí béèsì rẹ̀, ó lọ dúró nídìí ìkejì. Apá òsì ṣófo. Èèyàn lè da màlúù jẹko níbẹ̀.

"Tíṣà, ẹ máa bọ̀," ni ó wí, "a ti tẹ́ ẹní dè yín."

Mo gbá a. Bọ́ọ̀lù gba ibi tó máa ń gbà, ó bọ́ sọ́wọ́ wọn. Ìgbà kejì, bákan náà. Ìgbà kẹta, ẹni tó mú un tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo tọ rẹfirí lọ, mo ṣàlàyé fún un pé lókè òkun, níbi tí eré yìí ti wá, wọ́n ti ṣòfin pé ẹni méjì gbọ́dọ̀ wà lápá kọ̀ọ̀kan béèsì kejì.

"Òkè òkun dà?" ni rẹfirí bi mí. "Ìkẹ́nnẹ́ la wà yìí. Tíṣà, ẹ fìdí mọ́lẹ̀."

Mo lọ jókòó sábẹ́ igi, mo kẹ̀yìn sí pápá títí eré fi parí. Mo ń ronú. Nínú gbogbo fídíò tí mo ti wò, ẹni tó bá fi ọwọ́ ọ̀tún gbá, apá òsì ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa ń fẹ́ lọ, torí bí ara ṣe ń yí. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣí ipò dè é, òsì ni wọ́n ń ṣí sí. Àwọn wọ̀nyí ṣí sí ọ̀tún. Ẹni tó bá gbá eré yìí bí ìwé ṣe wí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Ẹnì kan ti tú àṣírí mi.

Ta ni? Ẹni tó mọ ipa bọ́ọ̀lù mi jù ni kẹ́ṣà wa, ẹni tó máa ń lóṣòó sẹ́yìn mi láti mú bọ́ọ̀lù tí mi ò bá gbá. Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ ni. Ìjọ tó ń pa Sátidé mọ́ ni òun àti ìdílé rẹ̀ ń lọ, ìtòsí yunifásítì ìjọ náà ni wọ́n ń gbé, lọ́nà Ìkẹ́nnẹ́. Láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ títí oòrùn fi máa wọ̀ ní Sátidé, a kì í rí i. Ṣáájú ìgbà náà, n kò rí nǹkan kan nínú ìyẹn. Mo wá rántí pé kápútẹ́ẹ̀nì Ìkẹ́nnẹ́ náà ń lọ sí ìjọ kan náà. Ibi tí àwa ti ń fi Sátidé dánra wò, àwọn méjèèjì wà níbì kan tí n kò lè rí wọn.

Sátidé kan, mo purọ́ fún Kóòṣì pé mo ní iṣẹ́ nílé, mo gun ọ̀kadà lọ sápá ibẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀, ìjọ ń tú. Mo rí wọn níwájú ilé ìjọsìn nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Kápútẹ́ẹ̀nì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni mú báàtì dání, ó yí ìdí sápá ọ̀tún, ó ṣe é ní àṣejù. Kẹ́ṣà wa di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ ìdí yẹn. Ìdí mi ni.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ohun tó bá ṣe ló ń rùn sí mi. Ó ní, "Tíṣà, sún ẹsẹ̀ òsì rẹ síta díẹ̀." Kí ló fẹ́ fi ẹsẹ̀ mi ṣe? Ó ra omi fún mi lẹ́yìn ìdánrawò, mo wo ìdérí rẹ̀ bóyá wọ́n ti ṣí i. Níkẹyìn mo dẹ pàkúté fún un. Mo pè é sápá kan.

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Mo ti yí ọwọ́ mi padà. Apá òsì ni mo fẹ́ máa gbá a sí báyìí."

"Ó ti yẹ kó o ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́," ni ó wí, ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

Èrò mi ni pé bí àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́ bá padà sápá òsì nígbà tí a bá tún pàdé, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ìsarà la ti gbá èkejì. Mo wọlé, kápútẹ́ẹ̀nì súfèé, wọ́n tún kó lọ sápá ọ̀tún gẹ́gẹ́ bí ti àkọ́kọ́. Ẹlòmíràn ì bá sọ pé ọ̀rẹ́ mi kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ohun tí èmi rí nínú rẹ̀ ni pé ó ti mọ̀ pé irọ́ ni mo pa, ó sì ti sọ ìyẹn náà fún wọn. N kò dé béèsì lọ́jọ́ náà pẹ̀lú.

Kóòṣì kò pariwo, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí. "Tíṣà," ni ó wí, "mi ò lè gbé ẹni tí kò lè dé béèsì kìíní dé Abẹ́òkúta. Eré kan ló kù."

Níbi tí a ti ń dúró de ọkọ̀ ni inú mi ti bú.

"Èló ni wọ́n fún ẹ?" ni mo bi kẹ́ṣà.

"Àwọn ta?"

"Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ẹ. Mo rí yín lọ́jọ́ Sátidé. Ìdí mi lò ń tà."

Ó wò mí bí ẹni ń wo ẹni tí oòrùn pa. "Tíṣà, ta ló fẹ́ ra ìdí ẹ?"

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Kápútẹ́ẹ̀nì Ìkẹ́nnẹ́ tí òun náà ń dúró de ọkọ̀ gbọ́, ó sún mọ́ wa, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀," ni ó sọ fún mi. "Kò sọ nǹkan kan fún mi. Èmi ni mo ń sọ fún un bí ẹ ṣe ń yí ìdí. Obì ló tú yín fó."

Ó wá ṣàlàyé. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá bá wa ṣe ti ọ̀rẹ́-sí-ọ̀rẹ́ ní Màkún, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù wọ ẹ̀yìnkùlé Alhájà, torí òun kò mọ òfin.

"Wọ́n ní kí n dọ̀bálẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní kí n jókòó kí n máa bó obì, èmi tí mi ò jẹ ẹ́ rí láyé mi. Ẹ̀yin ń gbá bọ́ọ̀lù, èmi ń bó obì. Mo wá ń retí kí ọ̀kan nínú yín gbá a wá síbẹ̀ kí n rí ẹni bá mi pín in. Kò sẹ́ni tó wá o! Gbogbo ẹgbẹ́ yín! Ẹni kúkurú, ẹni gíga, apá ọ̀tún ni gbogbo bọ́ọ̀lù yín ń sá lọ bí ewúrẹ́ tó rí òjò. Mo wò ó títí, mo ní, háà, àwọn wọ̀nyí ń bẹ̀rù Alhájà."

"Gbogbo wa?" ni mo bi í.

"Gbogbo yín. Ṣé ẹ rò pé torí yín nìkan la ṣe ń ṣí? A ń ṣí fún kẹ́ṣà náà. Ìgbà tí òun bá ń gbá, ẹ̀yin máa ń bínú lọ sábẹ́ igi."

Kẹ́ṣà ki ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sábẹ́ apá. Ó wọ ọkọ̀, ó jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, níbi tí àyè kò ti sí fún mi.

N kò gbà á gbọ́ tán. Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá Alhájà, mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo bi í bóyá ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kan ti jókòó níbẹ̀ rí.

"Ṣé ọlọ́rọ̀-púpọ̀ yẹn?" ni ó wí. "Ó mọ obì í bó ju ẹ̀yin lọ. Ó ní kí n bá òun ṣàdúrà kí ọ̀kan nínú yín wá gba ipò òun."

Mo dúró níbẹ̀, mo yíjú padà, mo wo pápá wa láti ibi tí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà. Mo fún ara mi lésì. Ẹni tó ń fọwọ́ ọ̀tún gbá bọ́ọ̀lù, tí kò fẹ́ kó lọ sósì, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọlé dé ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ kó tó gbá a. Pípẹ́ gbá a ni. Bí èèyàn bá pàdé bọ́ọ̀lù kan náà níwájú, kó tó kọjá orúnkún iwájú, òsì ni yóò lọ. Ohun tí mò ń pè ní ọgbọ́n ọwọ́ mi látọjọ́ yìí, ìbẹ̀rù apẹ̀rẹ̀ obì ni. Gbogbo ẹgbẹ́ ló sì kó o ran ara wọn.

Mo bẹ Alhájà pé kó jẹ́ ká ta nǹkan síwájú ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó gbà kíá, ó sì fún wa ní àwọn àpò ìdọ̀họ tó ti gbó. Bó ṣe yá a lára tó bẹ́ẹ̀ kọ mí lóminú. Mo ń retí ohun tó máa béèrè. Ó ní kí a rán àpò méjì lé ara wọn níwájú ibi tí òun ń jókòó sí. Ohun tó béèrè nìyẹn. A rán àwọn àpò náà pọ̀, a so wọ́n mọ́ ọparun.

Kẹ́ṣà wá síbi ìdánrawò, kò kí mi. Mo bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo wọn. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó lóṣòó sípò rẹ̀.

"Sún ẹsẹ̀ òsì rẹ síta díẹ̀," ni ó wí.

Mo sún un. Bọ́ọ̀lù tí mo gbá lẹ́yìn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ já àpò ìdọ̀họ lulẹ̀. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ tí mo sún síta ló ń ṣí ìbàdí kí apá lè tètè dé iwájú. Lójoojúmọ́ tí a bá pàdé, ó ń kọ́ mi láti mọ èyí tí mo lè gbá sósì. Bọ́ọ̀lù tó bá ń bọ̀ sítòsí ikùn ni. Èyí tó bá jìnnà sí ara, kí n fi í sílẹ̀, torí ajubọ́ọ̀lù tó bá ti mọ̀ pé àwọn èèyàn òun kó sí ọ̀tún yóò máa ju èyí tó jìnnà, kó lè tì mí síbẹ̀. Mo tún kọ́ bí èèyàn ṣe ń di báàtì mú jẹ́jẹ́, kó kàn fi kan bọ́ọ̀lù, kó lè yí wọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ìlà béèsì kẹta lọ.

Màkún la ti gbá ẹ̀kẹta. Kápútẹ́ẹ̀nì wọn rí àpò ìdọ̀họ tí a ta, ó rìn lọ bá a, ó fọwọ́ kàn án, ó yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Kí lẹ fi pamọ́ síbí?" ni ó bi kẹ́ṣà.

"Obì ni," ni kẹ́ṣà dá a lóhùn. "Wá bó díẹ̀."

Ó fura, ṣùgbọ́n ó ṣì súfèé. Wọ́n kó lọ sápá ọ̀tún.

Ìgbà àkọ́kọ́, mo fi báàtì kan bọ́ọ̀lù, ọwọ́ mi le jù, ó yí tọ ajubọ́ọ̀lù lọ tààrà, wọ́n sì jù ú dé béèsì kìíní ṣáájú mi. Kóòṣì kẹ̀yìn sí mi. Ìgbà kejì, gbogbo èyí tó jìnnà sí ara ni mo fi sílẹ̀ títí ajubọ́ọ̀lù fi ju mẹ́rin tí kò dára, wọ́n ní kí n máa lọ sí béèsì kìíní lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà kẹta, ọ̀kan wá sítòsí ikùn mi. Mo pàdé rẹ̀ níwájú. Ó gba ibi tí kápútẹ́ẹ̀nì ì bá dúró sí kọjá, ó lọ lu àpò ìdọ̀họ, mo sì dé béèsì kejì kí wọ́n tó rí ẹni tó lè sá tẹ̀lé e. Láti ẹ̀yìn àpò ni Alhájà ti ń bú wa.

Nígbà tí mo wọlé lẹ́ẹ̀kẹrin, ayò mẹ́rin sí mẹ́rin ni wá, kẹ́ṣà sì wà ní béèsì kẹta, ó ń dúró dè mí kí n gbé òun wálé. Kápútẹ́ẹ̀nì gbé ìka sẹ́nu láti súfèé. Ó wò mí, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo àpò. Kò súfèé. Wọ́n padà sípò wọn, méjì sọ́tùn-ún, méjì sósì. Mo fa ẹsẹ̀ òsì mi padà, mo jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọlé dé ẹ̀gbẹ́ mi, mo gbá a gba àárín béèsì kìíní àti ìkejì.

Kẹ́ṣà wọlé, márùn-ún sí mẹ́rin. Kóòṣì ju ṣẹ́ẹ̀tì Abẹ́òkúta lé mi léjìká. Mo yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá orúkọ ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀. Nọ́ńbà kọkànlá ló wà níbẹ̀, mo sì ti wọ̀ ọ́ kí Kóòṣì tó lè yí ọkàn padà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dúró sídìí pápá lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dé béèsì.